Ìgbẹ́ Màlúù Tí O Kà Lẹ́ẹ̀mejì

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú àárọ̀, mo sì kí ọ kú oríire ọjọ́ ńlá. Ó dá mi lójú pé ara rẹ le, pé kóòtù tuntun wà lọ́rùn rẹ, àti pé ìyàwó rẹ ti bá ọ tún kọ́là rẹ ṣe. Èmi náà wà ní àlàáfíà. Mo jẹun yó lánàá, mo sì sun oorun àsùnwọra, irú èyí tí n kò sùn láti ọjọ́ tí mo ti kúrò ní ọ́fíìsì yín.

Ìyá rẹ wá sílé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n, n kò lè tìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Wọ́n jókòó sórí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé, wọn kò fọwọ́ kan omi tí mo gbé fún wọn, wọ́n ṣáà ń sunkún. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọmú kan náà ni èmi àti ìyá rẹ mu. Ṣàánú àbúrò rẹ, bá a wo ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà rẹ̀." Mo ní, "Mo ti gbọ́, Màmá." Mo sì sìn wọ́n dé ìta. Mo ní mo gbọ́ ni o, n kò sọ pé màá ṣe é.

Ìwọ náà ti pè mí ṣáájú wọn. "Ẹ̀gbọ́n mi, iye tí kọ̀ǹpútà ń gbé jáde ga jù, ẹ ṣáà bá mi yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, kó má dé etí àwọn ará ọ́fíìsì." Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló bí mi nínú jù. Ká ní o ní kí n wá lọ́sàn-án gangan, kí gbogbo wọn rí mi, bóyá ọkàn mi ì bá rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé lo fẹ́ kí n gbà wọlé síbi iṣẹ́ ọwọ́ ara mi.

Ṣé o rántí yàrá wa kékeré ní ọ́fíìsì, èyí tó kángun sí ilé ìtọ̀? Nígbà tí gbogbo ayé ń ka èéfín mọ́tò àti ti jẹnẹrétọ̀, èmi ni mo ní kí a ka gáàsì tó ń mú ayé gbóná láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò wò: màlúù tó ń gùfẹ̀, oko ìrẹsì tí omi bò, ajílẹ̀, ààtàn, àti ibi tí wọ́n ti ń sun òkúta di sìmẹ́ǹtì. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sọ mí ní Ìyá Màlúù. Èmi ni mo mú ọ wọ ibẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń bi kọ̀ǹpútà léèrè bí ọ̀la yóò ṣe rí bí àwọn ènìyàn bá ń jẹ ẹran sí i, tàbí bí wọ́n bá dín in kù. Ẹnu rẹ dùn, mo wá ní kí o máa bá wa bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀. Orúkọ tìrẹ nìkan lo fi sórí iṣẹ́ náà. O wo ojú ọ̀gá àgbà, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà." Atẹ̀wé! Ó dùn mí wọ egungun. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní àwọn kò nílò atẹ̀wé mọ́.

Wàyí o, kò sí ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà rẹ. Ìgbẹ́ tí màlúù ya sórí pápá ní ààyè tirẹ̀ nínú ìṣirò náà, èyí tí wọ́n kó lọ sóko fún ajílẹ̀ sì ní tirẹ̀. N kò tíì rí bí mo ṣe máa pín in, ni mo bá fi gbogbo rẹ̀ sí ààyè méjèèjì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń pa ọ̀kan rẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ìwọ á ti jáde lọ dáhùn fóònù nígbà yẹn. Ìgbẹ́ kan náà lo kà lẹ́ẹ̀mejì, òun ni iye tí o fẹ́ kà jáde lónìí fi ga tó bẹ́ẹ̀, tí ìjọba sì fẹ́ fi pàṣẹ kí àwọn olùsìn màlúù ta ìdajì agbo wọn.

N kò ní jẹ́ kí ìyà rẹ jẹ wọ́n. Mo ti lọ bá alága wọn níbi tó ti ń fún wàrà, mo ṣe ìṣirò náà lójú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. Ó bi mí bóyá màlúù tiwọn ní ìdí méjì ni. Gbogbo wọn ti mọ iye tó tọ́, wọ́n sì ń bọ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni yóò fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́ nígbà tí o bá ti jókòó síwájú. Kò ní sí ààyè láti tún nǹkan kan ṣe. O lè ka iye rẹ jáde, kí alága dìde kí ó bi ọ́ bí o ṣe dé ibẹ̀, o máa fi imú dánrin. O sì lè sọ níwájú gbogbo wọn pé ìṣirò náà kì í ṣe tìrẹ, kí o dárúkọ ẹni tó ni ín. Èyí ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ, àbúrò mi: bí o bá ṣe ti àkọ́kọ́, yóò dùn mọ́ mi nínú dọ́ba.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ohùn tó já gaara lónìí. Kó má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ gbọ̀n. Kó jẹ́ kí ìyá rẹ pẹ́ láyé, nítorí n kò bá wọn jà. Kó sì san án fún ọ bí o ti ṣe é, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tí o sọ di atẹ̀wé,
Ìyá Màlúù.

Àfikún: Inú gbọ̀ngàn ni mo ti kọ èyí. Ọ̀gá àgbà rí mi, ó béèrè ohun tí mo wá ṣe. Mo ní àbúrò mi ló fẹ́ dárúkọ mi. Ó ti fa àga sún mọ́ mi, ó ń retí rẹ.