Oṣù Tí Mọ́mì Fóònù Dé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù Keje

Ilé ìwé gba ọlidé. Wọ́n gba ọlidé, wọn ò sì ti ilẹ̀kùn. Àwọn onílé ìwé Mọntẹsórì yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Ìyá Rọra dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀, ó ń fi ohùn ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀ ṣàlàyé fún wa: ní gbogbo oṣù yìí, àwọn ọmọ á máa gbin nǹkan, wọ́n á máa fọ tábìlì, wọ́n á máa ṣeré nínú omi. Tó bá di Sátidé, ẹbí á wá bá wọn ṣiṣẹ́. Gbogbo ẹbí. "Agbo ilé kan ni wá," ó ní.

Agbo ilé wo? Mi ò mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn.

Tíṣà wọn ni Ìyá Rọra. Èmi ni mo fún un lórúkọ yẹn, torí kò sí ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ tí "rọra" ò sí níbẹ̀. A ò sì gbọdọ̀ pè é ní tíṣà o. Olùtọ́nisọ́nà ni. Ṣíọ̀.

Ọ̀gá Kékeré délé, ó ní òun ṣiṣẹ́ gan-an lónìí. (Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ọdún márùn-ún, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń gbé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.) Iṣẹ́ wo? Òun da omi látinú jọ́ọ̀gì kan sínú òmíràn. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Òun dà á padà. Ohun tí mò ń jókòó ti máṣíìnì ìránṣọ san owó rẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi pè. Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ti fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń ṣe lókèèrè sílẹ̀, ó ti rí òmíràn ní ilé ìwòsàn kan tó jẹ́ ìrìn ọjọ́ kan sí wa. Ó ti gba ilé oníyàrá méjì. Yàrá kejì, ó ní, ti ọmọ òun ni.

Ọmọ òun. Ọmọ tó gbé jù sí mi lọ́wọ́ nígbà tí kò tíì lè pe omi ní omi.

Mo ní, "Ẹ kú ìmúra, ẹ̀gbọ́n mi." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo rán síìpù mọ́ iwájú síkẹ́ẹ̀tì oníbàárà tó fẹ́ ẹ lẹ́yìn. Mo tú u.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Ó dé. Àpótí ńláńlá. Lọ́fínńdà gba gbogbo ilé. Ọ̀gá Kékeré wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì kí i dáadáa bí mo ṣe kọ́ ọ: "Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì Fóònù."

Inú fóònù ló ti mọ̀ ọ́n. Èmi ni Mọ́mì.

Ojú ẹ̀gbọ́n mi yí padà. Mi ò rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀. Ilé ìdáná ni mo ti lọ rín in.

Láti òní lọ, Àlejò ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí. Lójú rẹ̀ mo máa ń sọ "ẹ", mo máa ń sọ "wọ́n", bó ṣe yẹ ẹni tó ṣáájú mi wáyé. Níbí, "ó" ti tó o.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Mi ò fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ẹbí wọn. Ṣùgbọ́n kí n tó jí, Àlejò ti wọ bàtà. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo lọ.

Wọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì lé wa lọ́wọ́ pé ká kun ọgbà onípákó. Lọ́yà kan wà níbẹ̀ tó wọ ṣòkòtò péńpé, tó ń fi ṣọ́bìrì ọmọdé gbẹ́ ilẹ̀, tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé iṣẹ́ ọwọ́ ń tún ọkàn ṣe. Ihò tó gbẹ́ láti àárọ̀, ológbò ò lè fi bo ìgbẹ́ ara rẹ̀.

Okùn bàtà Ọ̀gá Kékeré tú. Àlejò sáré bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ bá a so ó. Ìyá Rọra fọwọ́ kàn án léjìká. "Ẹ rọra, mà. Ẹ jẹ́ kó so ó fúnra rẹ̀." Àlejò dìde, ó gbọn orúnkún. Mo wá rí i pé ilé ìwé yìí ní làákàyè díẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí èmi náà fẹ́ nu imú ọmọ. "Ẹ rọra, mà. Ó mọ ibi tí tíṣù wà." Ìranù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Àlejò ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu mọ́, òun á máa mú ọmọ lọ sílé ìwé. Mo ní kò sí wàhálà, a ó jọ máa lọ. A sì jọ lọ. Àgbàlagbà méjì, ọmọ kan láàárín, bí ọlọ́pàá tó mú olè.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Wọ́n jẹ́ ká wo àwọn ọmọ lẹ́nu iṣẹ́. Àga kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fún òbí. Ẹnu pípa, ọwọ́ lórí itan. Èmi kọ́kọ́ jókòó, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi.

Ohun gbogbo ibẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni. Jọ́ọ̀gì aláwọ̀ búlúù kan. Ìgbálẹ̀ kékeré kan. Páálí lẹ́tà ABD kan. Ọmọbìnrin kan ń lo jọ́ọ̀gì náà lórí ẹní rẹ̀, òmíràn dúró tì í, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò ó. Kò fà á. Kò sunkún. Ìgbà tí àkọ́kọ́ ṣe tán, tó gbé e padà sórí pẹpẹ, lẹ́yìn náà ni èkejì tó lọ gbé e.

Mo bi Ìyá Rọra lẹ́nu géètì pé ṣé wọn ò lówó ra méjì ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "A mọ̀ọ́mọ̀ ra ẹyọ kan ni, mà. Ẹni tó bá ń lò ó lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá lò ó tán, á dá a padà sáyè rẹ̀ bó ṣe bá a, kí ẹni tó kàn lè rí i lò."

Mo yínmú. Ahun tó kàwé ni wọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Àlejò dáná. Iyọ̀ pọ̀ jù. Ọ̀gá Kékeré jẹ ẹ́ tán, ó tún bù sí i. Ọ̀dàlẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Àlejò ti dá ọjọ́. Tí wọ́n bá ṣe Ọjọ́ Ẹbí nílé ìwé tán, lọ́jọ́ kejì rẹ̀, òun àti ọmọ á lọ. Ó ní kí n máa wá kí wọn nígbàkúùgbà. Ó ṣeun. Ó ń fún mi láàyè láti wá wo ọmọ tí mo tọ́.

Mi ò bá a jiyàn. Mo mọ ohun tí mò ń dúró dè. Mo mọ Ọ̀gá Kékeré. Ọmọ tó sunkún títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ nítorí pé mo sún bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí ògiri kejì. Tó bá di ọjọ́ ìlọ, á ké, á dì mọ́ mi, kò ní wọ ọkọ̀. Ta ló máa gbé ọmọ tó ń ké bẹ́ẹ̀ rin ìrìn ọjọ́ kan? Ṣé Àlejò tó ń bẹ̀rù kí aṣọ òun má rún?

Mi ò ní ṣe nǹkan kan. Mo kàn máa dúró. Mi ò bí ọmọ, mi ò sì wá ọmọ mìíràn kiri. Èyí ni mo fẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Iṣẹ́ ẹbí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilé adìyẹ là ń kàn. Lọ́yà Ṣòkòtò Péńpé fi òòlù lu àtàǹpàkò ara rẹ̀, ó sì ní ìrírí ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ìrírí.

Wọ́n bu omi sínú ike ńlá kan nínú oòrùn. Mo gbójú sókè nídìí pákó, mo rí Àlejò tó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀. Ọ̀gá Kékeré ń da omi lé e lórí, ó ń rín irú ẹ̀rín kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó dùn mí. Kí ni mo tún fẹ́ máa yí ọ̀rọ̀ po fún? Ó dùn mí wọra.

Ìyá kan ní èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọra gan-an. Mo ní oòrùn ló wọ̀ ọ́ lójú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Kò sí nǹkan kan. Àlejò ń di ẹrù ọmọ díẹ̀díẹ̀. Ó ń ká aṣọ bí ẹni tí wọn ò kọ́. Mo ń tún un ká.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Irun ló fà á. Mo ti jókòó, mo ti gbé òòyà, mo fẹ́ di irun ọmọ fún Ọjọ́ Ẹbí. Àlejò ní òun lòun fẹ́ dì í. Mo ní ẹ má ṣèyọnu. Ó ní kì í ṣe ìyọnu. Ó di òòyà náà mú, èmi náà ò jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, wọn ò mọ ibi tó máa ń dun orí rẹ̀. Ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n tí mi ò bá jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án. Ohùn wa ti ń gòkè.

Ọ̀gá Kékeré ò tiẹ̀ gbé orí sókè. Ó ń to bọ́tìnì mi sílẹ̀ ní ìlà. Ó ní, "Ẹ ò gbọdọ̀ jà á gbà. Ẹyọ kan ni mí. Mọ́mì ti lò mí, ó ti kan Mọ́mì Fóònù. Tí wọ́n bá lò mí tán, wọ́n á dá mi padà sáyè mi."

Àlejò jọ̀wọ́ òòyà, ó jáde sẹ́yìnkùlé. Ìgbà tó wọlé padà, ojú rẹ̀ pọ́n. Èmi ni mo dirun náà parí.

Mo wá lóye ìdí tí ọmọ yìí ò fi banú jẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ń dẹrù rẹ̀. Ó rò pé òun ń padà bọ̀ ni. Ṣé mo wá rí i? Kò ní ké lọ́jọ́ ìlọ. Ṣùgbọ́n tó bá débẹ̀ tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lójoojúmọ́ pé ṣé wọn ò tíì lo òun tán ni. Á máa dúró. Ó máa sú Àlejò. Á gbé e padà wá fún mi. Inú mi dùn. Kò dára, ṣùgbọ́n ó dùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ọjọ́ Ẹbí

Àwọn ọmọ gé búrẹ́dì, wọ́n gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, wọ́n bu omi fún òbí wọn. Gbogbo òbí ń nu ojú bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ gba adé. Búrẹ́dì lásán. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tiwa rí wúruwùru, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Àgbàlagbà ló máa fọ àwo. Èmi àti Àlejò bá ara wa nídìí ọpọ́n kan náà. Ó ní, "Àbúrò mi, ọmọ yìí rò pé mo máa dá òun padà."

Mo ní mo gbọ́.

Ó ní òun ti bá a sọ ọ́ títí. Òun á ní, "A jọ máa gbé ni," ọmọ á ní, "Ó dáa, títí ẹ ó fi lò mí tán." "Ọ̀rọ̀ mi ò tíì wọ̀ ọ́ létí. Tìrẹ ló máa gbà gbọ́. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún un. Tí kò bá mọ̀, á kàn jókòó síbẹ̀ tí á máa wo ojú mi kí n ṣe tán. Mi ò fẹ́ kó máa dúró bẹ́ẹ̀."

Àwo kan ṣoṣo ni mò ń nù ṣáá. Ìgboyà ńlá. Ó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó tún fẹ́ kí èmi fúnra mi sọ fún ọmọ náà pé kò ní padà wá mọ́. Kó lọ wá ẹlòmíràn rán.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ọkọ̀ ti dúró níta. Ọ̀gá Kékeré ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ti to bàtà ilé rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó nǹkan sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Mi ò ní pẹ́."

Ohun tó kù fún mi ò ju kí n ní ó dàbọ̀. Mo lanu láti sọ ọ́. Mo rí i bó ṣe ń wò mí, tó ti gba gbogbo ohun tí mo bá sọ gbọ́ kí n tó sọ ọ́.

Mo lóṣòó. Mo ní: gbọ́ mi. Ìwọ kì í ṣe jọ́ọ̀gì. Wọn kì í lo èèyàn tán. Màmá rẹ ni wọ́n, ilé wọn ni ilé rẹ báyìí. Màá máa wá kí ẹ, ṣùgbọ́n o ò ní padà wá gbé níbí mọ́.

Ó béèrè pé títí dìgbà wo. Mo ní kò sí ìgbà wo.

Ẹkún náà wá dé. Èyí tí mo ti ń retí láti ọjọ́ yìí, òun gan-an ló dé, kò dín. Ó fọwọ́ méjèèjì di aṣọ mi mú, ó ń ké pé òun ò lọ, òun ò lọ. Aládùúgbò ṣí fèrèsé.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ohùn wọn lọ sílẹ̀ gan-an. Wọ́n ní, "Tí o bá ní kí n fi í sílẹ̀, màá fi í sílẹ̀." Wọ́n sì máa ṣe é. Mo rí i lójú wọn.

Mo ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ọ̀gá Kékeré ní òun ò fẹ́ràn mi mọ́. Mo ní mo ti gbọ́. Mo tú ìka rẹ̀ kúrò lára aṣọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì gbé e fún ìyá rẹ̀.