Kọ̀ǹpútà Tí Kì Í Kùn Mọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o sì ń jẹun kó o tó jáde láàárọ̀? Mi ò ní gbọ́ aburú rẹ o, ẹsẹ̀ tó o fi ń jáde náà lo máa fi wọlé. Ara mi le, àyà mi nìkan ni kò balẹ̀, kọ̀ǹpútà tó o fi sílẹ̀ nílé ló sì fà á.

O rántí pé inú ẹ̀ lo gba ohùn bàbá rẹ sí, lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ikú wọn, níbi tí wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń hanrun. Láti oṣù tó kọjá ni kọ̀ǹpútà náà ti ń húkọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, ó tú u, ó fi irin kan tó ń yí bíi kẹ̀kẹ́ hàn mí, ó ní ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan wà, pé ó ti gbó, bó bá fi lè há, ó parí nìyẹn. Ló bá yọ ọ́, ó fi nǹkan pẹlẹbẹ kan tí kò ju bisikíìtì lọ rọ́pò ẹ̀. Ó ní fíláàṣì ni, pé kì í yí rárá, bó ṣubú kò sí nǹkan tó máa ṣe é, bí iná bá sì lọ kò ní gbàgbé nǹkan kan.

Ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí. Ti àtijọ́ máa ń kùn, bí mo bá ń ká aṣọ mo máa ń gbọ́ ọ, màá mọ̀ pé ó ń tọ́jú bàbá rẹ. Tuntun yìí dákẹ́ rọ́rọ́. Mo gbé etí lé e, kò mí. Atúnṣe náà ní òun ti da gbogbo ẹ̀ kọ sínú tuntun, síbẹ̀ ó ṣì wà nínú ti àtijọ́. Báwo? Bàbá rẹ náà gbìyànjú àtiwà nílé méjì lẹ́ẹ̀kan náà nígbà ayé wọn, ìwọ náà kúkú mọ bó ṣe parí. Mo ṣáà fi súwẹ́tà wọn wé irin àtijọ́ náà, kí òtútù má baà mú un.

Èyí tó ní kò ní gbàgbé bí iná bá lọ yẹn ni mi ò gbà. Èmi tí mo lórí, bí mo bá sùn jí, mi ò kì í rántí ibi tí mo fi awò ojú mi sí. Torí náà, ó di ọjọ́ mẹ́fà tí mo ti gbé e délé, mi ò tíì pa á. Nígbà tí iná lọ lánàá, mo gbé e mọ́ àyà kí bátìrì ẹ̀ tó tán, mo sáré láìwọ bàtà lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó ní jẹnẹrétọ̀. Ó bi mí pé ṣé kò sí o. Mo ní kó ṣáà fún mi níná.

Atúnṣe yẹn ní kí n tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́ ohùn wọn, pé ọkàn mi á balẹ̀. Mo gbé ìka lé e, mo tún gbé e kúrò. Bí mi ò bá tíì tẹ̀ ẹ́, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tí mi ò gbọ́ nǹkan kan ńkọ́?

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀ aránṣọ, nítorí ojú ẹ̀ ti ń le sí mi. Àbí kó o kúkú fi owó ọ̀hún wọ ọkọ̀ wá sílé. Ọlọ́run á mú ọ dé láyọ̀, ọ̀nà á là fún ọ, ọwọ́ rẹ ò ní í ṣófo láé. Ìwọ ni kó o bá mi tẹ̀ ẹ́. Tí wọn ò bá sí níbẹ̀ mọ́, mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan ni màá wà nínú yàrá.

Èmi ni,
Ìyá rẹ