Kòkó Tí N Kò Ṣí fún Ẹ̀rọ Òyìnbó

Akánrán, lẹ́bàá Ìbàdàn,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, ọdún 1927.

Wándé, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Ara mi le, àfi orúnkún tó ń dùn mí díẹ̀, mo sì gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ìwọ náà nínú àlàáfíà. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. N kò bẹ tíṣà, kó má baà bá mi dín ọ̀rọ̀ mi kù.

Ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì Èkó, òyìnbó tó ń ya àwòrán tó ń rìn, dé síbí lọ́jọ́ Ajé tó kọjá pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀. Ó ní o ti ṣèlérí fún òun pé ìyá rẹ yóò ṣe ohunkóhun tí òun bá fẹ́. Ta ló rán ọ?

Ògbufọ̀ rẹ̀ ṣàlàyé bí àwòrán náà yóò ṣe rí. Àgbẹ̀ méjì ni yóò wà níbẹ̀, ọ̀kan gbọ́n, ọ̀kan gọ̀. Sàníù aládùúgbò wa ni ọlọgbọ́n, nítorí pé ó ní bàtà. Èmi ni òmùgọ̀. Wọ́n ní kí n bọ́ bùbá mi, kí n ró àkísà, kí n ṣí kòkó tó wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, kí n dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ewúrẹ́ máa tẹ̀ ẹ́.

Ìwọ náà mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́fà ni kòkó mi ń lò lábẹ́ ewé kó tó ṣe é sá sóòrùn. N kò ṣí i lọ́jọ́ kẹta rí, àní lọ́sẹ̀ tí a sin bàbá rẹ.

Mo bi òyìnbó náà pé kí ló dé tí kò lè gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀, kó máa wo bí a ti ń ṣe é gan-an. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá kàn ń wò lásán kò ní rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́ni, pé ó yẹ kí àwọn ènìyàn rí àṣìṣe kí wọ́n tó mọ ohun tó tọ́. Mo ní kó lọ ya àṣìṣe níbi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Ló bá ní kí àwọn tó ru ẹrù rẹ̀ wá ṣí ewé náà. Inú bí mi. Mo jókòó lé òkìtì kòkó mi, mo káwọ́ gbera. Ògbufọ̀ ní iṣẹ́ ọmọ mi lè bọ́. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní parọ́ fún ọ, nítorí mo mọ bí o ti jìyà tó kí o tó rí iṣẹ́ yẹn. Òkìtì náà gbóná lábẹ́ mi, ṣùgbọ́n n kò dìde títí oòrùn fi wọ̀. Mùjíbátù, ìyàwó Sàníù, ló gbé ẹ̀kọ wá fún mi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú òyìnbó ní ìrọ̀lẹ́, ó kọjú ẹ̀rọ náà sí mi, ó sì ń yà mí bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń wò ó.

Bí wọ́n bá lé ọ, máa bọ̀ nílé, oko wà. N kò ní bẹ̀ wọ́n. Má sì tún fi mí ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni láìbi mí.

Olúwa yóò pa ọ́ mọ́ ní ìlú àjèjì. O kò ní ṣe iṣẹ́ àṣedànù, ojú kò sì ní tì ọ́ láyé.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ,
Ọ̀ṣunbíyìí Fákọ́ládé.

Mo tún rántí: Ògbufọ̀ ní wọn yóò fi àwòrán náà han àwọn òyìnbó àti àwọn akọ̀wé l'Ékòó. Bí o bá rí obìnrin kan níbẹ̀ tó káwọ́ gbera jókòó, tí ọ̀gá rẹ sì ní àgbẹ̀ òmùgọ̀ nìyẹn, dìde dúró láàárín wọn, kí o sọ fún wọn pé ìyá rẹ ni.