Búrèkì tí o tú dànù

Bánjí,

Ẹ̀kọ wà lórí tábìlì. Tìjání ọ̀rẹ́ rẹ wá láàárọ̀ yìí, ó ní, "Àǹtí, ṣé ṣámpíọ̀nì ti jí?" Òun ló sọ fún mi pé o tú búrèkì dànù kí kẹ̀kẹ́ lè fúyẹ́ fún eré tí yóò ti Èkó gun òkè Ẹ̀fọ̀n, tí yóò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Afárá Kátà lò ń gùn lójoojúmọ́ tí ò ń pè ní òkè. Èkó ni wọ́n bí ọ sí. Èmi ti ru iṣu sọ̀ kalẹ̀ lókè Ẹ̀fọ̀n rí; bí mo bá fẹ́ dúró, ẹsẹ̀ kì í gbà fún mi.

Mi ò ní bẹ̀ ọ́. Mò ń lọ sọ fún bàbá Yéwándé pé kí wọ́n má tíì gba ìdána wa, kí eré náà parí ná. Ọmọ ọlọ́mọ kò ní tìtorí rẹ di opó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àdùkẹ́