Òwú Pupa Abẹ́ Bọ́tìnnì

Yàrá Ìránṣọ,
Ẹ̀yìn Ilé Eré.
Ọ̀sán Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ìkókó tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlòmíì pé ó ti ń rákò. Ṣé ara yín le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ìrọ̀rùn. Ara tèmi náà le, àfi ti ìka ọwọ́ tí mo máa sọ nísàlẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́, nítorí ọdún mẹ́ta rèé tí ọ̀rọ̀ àárín wa kò ju ìkíni orí fóònù lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lánàá, n kò lè fi pamọ́ fún ọ.

Eré tuntun kan ni à ń múra rẹ̀ lọ́wọ́. Aṣọ ayé Ọbabìnrin Fikitóríà ni wọ́n ń wọ̀ nínú rẹ̀: ìbàdí tí a fún pinpin, yẹ̀rì tó ń gbálẹ̀, kọ́là tó ga dé àgbọ̀n. Ẹni tó kọ eré náà wá ní ká gbà pé ayé yẹn kò kọjá lọ, pé oru omi gbígbóná ló ṣì ń wa gbogbo ẹ̀rọ, pé òun náà ló ń gbé ọkọ̀ fò lójú ọ̀run. La bá ń lẹ kẹ̀kẹ́ eléyín inú aago mọ́ fìlà, à ń so páìpù idẹ mọ́ èjìká, awò dúdú ńlá sì wà níwájú orí kálukú bíi tàwọn wẹ́dà. Sitiimupọ́ǹkì ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè é. Èmi ń pè é ní aṣọ àwọn tí aago wó lé lórí.

O mọ̀ mí. Mo ní bó bá jẹ́ aṣọ ayé àtijọ́ là ń rán, bọ́tìnnì ayé àtijọ́ la máa fi dé e. Bọ́tìnnì idẹ méjìdínlógún ni mo tò síwájú kóòtù ọ̀gá ọkọ̀ òfurufú, mo sì fọwọ́ rán ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣe ni mò ń yan kiri bí ẹni tó kọ́lé alájà mẹ́ta.

Ẹni tó máa wọ kóòtù náà ni Olóhùn-iyọ̀, eléré àgbà tí o máa ń sín ohùn rẹ̀ jẹ nígbà tí o wà ní kékeré. O kò tíì gbọ́ pé àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ padà, ohùn padà, ọwọ́ òsì kò padà. Nínú eré yìí, òun nìkan ló máa dúró níwájú èrò, tó máa wọ kóòtù yẹn, tó máa dé e títí dé ọrùn, kó tó wọ ọkọ̀ tí kò ní gbé e padà wálé mọ́. Nígbà tí wọ́n dán an wò, bọ́tìnnì mẹ́ta péré ló rí dé, òógùn sì ti bò ó. Olùdarí eré, tí kì í ṣe èèyàn burúkú, ní bí kò bá ṣeé ṣe títí di ọjọ́ Ẹtì, ẹlòmíì ló máa ṣe é. Olóhùn-iyọ̀ wá bá mi nídìí ẹ̀rọ, ó ní, "Ìyá Aránṣọ, ọdún méjì ni ọmọ mi ti ń wọṣọ fún mi bí ẹni ń wọṣọ fún ọmọ ọwọ́. Ibí nìkan ni mo ti fẹ́ dá wọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi." Omi bọ́ lójú mi, n kò ní purọ́.

Mo tú bọ́tìnnì, mo fi sípù sí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ di ìdí sípù mú kí èkejì tó lè fà á. Mo yọ ọ́, mo fi téèpù alẹ̀mọ́ra sí i, èyí tó ń mú aṣọ bí èèmọ́. Ìyẹn dé, àmọ́ nígbà tó fẹ́ ṣí i, ó dún ṣàràrà, gbogbo àwọn eléré sì bú sẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n ti sunkún. Ọjọ́rú nìyẹn. Ìgbà yẹn ni mo rántí jákẹ́ẹ̀tì rẹ.

Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí o rán nígbà tí o fẹ́ gba òmìnira iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni mò ń wí. O fi òòfà pẹlẹbẹ pamọ́ sábẹ́ bọ́tìnnì, bọ́tìnnì gan-an kàn wà fún ẹwà ni. N kò gbàgbé ohun tí mo sọ níwájú àwọn oníbàárà. Mo ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, mo ní ẹ̀tàn ni. Mo tún nàka sí kókó òwú pupa kéékèèké tó wà létí aṣọ, mo ní ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ kò tíì mọ bí a ṣe ń fi òwú pamọ́. O ní, "Màmi, ẹ kò tiẹ̀ bi mí ìdí tó fi wà níbẹ̀." N kò sì bi ọ́. O fi jákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí ìṣó, o lọ.

Mo ra òòfà, mo fi odidi Ọjọ́bọ̀ rán wọn pa sínú kóòtù. Nígbà tí mo wá gbé etí méjèèjì súnmọ́ra, àwọn kan mú, àwọn tó pọ̀ jù sì ń sá fún ara wọn bí ọmọ tí kò fẹ́ wẹ̀. Èmi tí mo ti ń ránṣọ fún ogójì ọdún, n kò mọ̀ pé òòfà ní ojú méjì, pé ojú tó bá jọra ń lé ara wọn ni. Mo bá já jákẹ́ẹ̀tì rẹ sílẹ̀ lórí ìṣó. Mo di òòfà kan mú, mo ń fi tọ́ ọ wò láti bọ́tìnnì dé bọ́tìnnì. Gbogbo ibi tí òwú pupa wà ló fà á. Gbogbo ibi tí òwú pupa kò sí ló lé e. Kò yẹ̀ níbì kankan. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọ mi, iṣẹ́ rẹ dẹ́rù bà mí, ojú ara mi sì tì mí. Ohun tí mo pè ní ìdọ̀tí ni o fi ń mọ̀nà. Mo tú gbogbo tèmi, mo so òwú pupa mọ́ ọn bí o ṣe ṣe é.

Láàárọ̀ àná, Olóhùn-iyọ̀ dúró lórí ìtàgé lóun nìkan. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún ti ọwọ́ òsì bọ apá kóòtù, ó wọ apá kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gòkè láti ìsàlẹ̀. Ó ń dún tá, tá, tá, jẹ́jẹ́, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí páànù, títí ó fi dé ọrùn. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó wo àyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tú gbogbo rẹ̀, ó tún un dé. Ìyẹn kò sí nínú eré. Olùdarí wá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀." Nígbà tó bọ́ sílẹ̀, Olóhùn-iyọ̀ bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní ọmọ mi ni.

Mo ti tú orúkọ mi kúrò lẹ́yìn ọrùn kóòtù náà. Tìrẹ ni mo fi òwú pupa kọ síbẹ̀. Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ la máa ṣí eré náà, mo sì ti gba àyè sílẹ̀ fún yín níwájú. Gbé ìkókó dání, kí n lè mọ ojú rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ kò ní rọ. Ojú rẹ kò ní ṣú nídìí iṣẹ́. Ọmọ rẹ á kọ́ ọ ní ohun tí o kò mọ̀, wàá sì tètè gbọ́ tirẹ̀ jù bí mo ṣe gbọ́ tìrẹ lọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, tó ti di ọmọ iṣẹ́ rẹ.

Àfikún: Ọ̀rọ̀ ìka mi rèé. Ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti ń gan láràárọ̀, ó sì máa ń di ọ̀sán kí wọ́n tó rọ̀. Obìnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ń bá mi dé bọ́tìnnì ẹ̀wù mi, mo sì máa ń purọ́ fún un pé n kò rí awò ojú mi ni. Òòfà mẹ́fà ló ṣẹ́kù lára ti kóòtù, abẹ́ bọ́tìnnì ẹ̀wù mi ni mo rán wọn sí. Láàárọ̀ yìí, n kò kan ilẹ̀kùn rẹ̀.