Awò Gígùn Lórí Ìbọn Ṣakabùlà

Ẹ̀jìgbò, ọjọ́ Sátidé, oṣù kẹwàá, 1964

Inú ṣì ń bí mi títí di báyìí.

Awò ìbọn méjì, irú èyí tó ń mú ohun tó jìnnà súnmọ́ ojú ẹni, ni Ràájí ọ̀rẹ́ mi kó bọ̀ láti Àbíjàn. Ó ní kí n mú èyí tó kúrú, pé ṣakabùlà mi kì í ta jìnnà. Mo rò pé ńṣe ló fẹ́ fi èyí tó dáa pamọ́ fún ara rẹ̀. Mo mú èyí tó gùn, alágbẹ̀dẹ sì fi irin dè é mọ́ ìbọn fún mi.

Láàárọ̀ yìí, àgbọ̀nrín tó ń jẹ ẹ̀wà ìyá mi tún dé sí ìpẹ̀kun oko wọn lọ́nà Ìsúndúnrìn. Mo fojú wo inú awò. Áà! Mo rí ìpéǹpéjú rẹ̀, àfi bíi pé kí n nawọ́ fà á létí. Mo yìnbọn.

Ọta ò tilẹ̀ dé ìdajì oko. Àgbọ̀nrín wọgbó lọ tòun ti ewé ẹ̀wà lẹ́nu. Ràájí mà sọ ọ́, èmi ni mo...

Ìyá mi jáde láti inú ahéré. “Ṣé o pa á?”

“Rárá, Ìyá, àmọ́ mo rí i dáadáa.”

“Àkànní, èmi náà ń rí i lójoojúmọ́, n ò sì gbé nǹkan kan sójú.”