Ọmọ Iṣẹ́ Ọkùnrin Inú Sítáǹbù

Bàbá mi àtàtà,

Orí bẹ́ǹṣì ọsibítù ni mo jókòó sí, ní Ìsọlọ̀ níbí. Ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń ya pátánnì aṣọ ni mo ń kọ eléyìí sí. Àtàárọ̀ ni wọ́n ti gbé Màmá mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, kò tíì sẹ́ni tó bá mi sọ nǹkan kan. Mo ti parọ́, Bàbá. Tí mi ò bá sọ ọ́ fún yín, ta ni kí n sọ ọ́ fún?

Ẹ má bínú o, ọ̀dọ̀ yín ni irọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ rántí sítáǹbù dókítà tẹ́ ẹ mú bọ̀ láti pósófíìsì, nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń ta sítáǹbù ní káńtà? Ọkùnrin kan tó wọ awò ojú, tí wọ́n ya àlùmọ́gàjí kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ ní ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi abẹ la àyà èèyàn nílẹ̀ wa tí ẹni náà sì dìde rìn. Inú ọ̀rá káàdì iṣẹ́ yín lẹ fi í sí, ẹ máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kẹ́ ẹ tó fi han àlejò. Nígbà tí wọ́n wá sọ pé ìju wà nínú ilé ọmọ Màmá mi, ẹ nàka sí sítáǹbù yẹn. Ẹ ní, "Fọkàn balẹ̀ jàre, ìyàwó mi. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ni màá gbé ẹ lọ."

Eré lẹ̀ ń ṣe, àbí? Màmá mi gbà yín gbọ́.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ kú, ìju yẹn ń tóbi sí i. "Ayálégbé mi" ni Màmá mi ń pè é. Ó ní ayálégbé òun ti fẹ́ lé onílé jáde, a sì ń rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ṣubú níwájú àwọn síìpù tó ń tà l'Óṣòdì, ẹ̀jẹ̀ sì bo ìró ẹ̀. Dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ní tí wọn ò bá tètè là á, ó máa kú. Màmá mi ní rárá.

"Kò sẹ́ni tó máa fi abẹ kàn mí, àfi ọkùnrin Bàbá ẹ. Lọ wá a wá."

Ó na sítáǹbù yẹn sí mi. Bàbá, ẹ mọ̀ pé SS1 ni mo ti kúrò níléèwé, ṣùgbọ́n mo lè ka ìyẹn. Ọdún méjì ni wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ ẹ̀, pẹ̀lú ìlà láàárín, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sí pósítà òkú gan-an. Ọkùnrin yẹn ti kú kí wọ́n tó bí mi. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún un?

Mo rántí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣógúnlé, níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ Màdáámù. Tí Màdáámù ò bá sí ńlẹ̀, àwọn kọ́sítọ́mà máa ń gbà kí ẹni tí Màdáámù kọ́ níṣẹ́ gé aṣọ wọn. Ni mo bá sọ fún Màmá mi pé ọ̀gá inú sítáǹbù yẹn ti dàgbà, wọn kì í ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni dókítà tiwa ti kọ́ṣẹ́ gba fírídọ̀mù.

"Ọmọ àná yìí?"

"Àwọn náà ni, Mà."

Nígbà tí dókítà gbé ìwé wá kí Màmá mi fọwọ́ sí i, ẹ̀rù bà mí débi pé mo fẹ́ tọ̀ sára.

Màmá mi bi í pé, "Dókítà, ṣé ọ̀gá yín kò le jù?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Háà, Mà! Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

"Ṣé wọ́n ṣáà gbàdúrà fún yín nígbà tẹ́ ẹ parí?"

"Wọ́n gbàdúrà gan-an, Mà."

Ọ̀gá tiẹ̀ ló ń sọ, kò mọ ẹni tí Màmá mi ń bi í. Màmá mi gba báírò, ó fọwọ́ sí i. Ó wá ní, "Ẹ bá mi kí ọ̀gá yín o. Mo ń bọ̀ wá kí wọn fúnra mi."

Bàbá, òkú ló ránṣẹ́ sí yẹn! Ó yẹ kí n pariwo, mi ò pariwo. Mo mú síliípáàsì ẹ̀ dání, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń tì í lọ.

Ká ní mo sọ òótọ́ ni, ó máa tẹ̀ lé mi lọ sílé, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà. Tó bá wá kú sínú ibẹ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé kì í ṣe èmi ni mo fi ẹnu ara mi tì í wọlé? Nọ́ọ̀sì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé abọ́ tí wọ́n fi aṣọ bò kọjá báyìí, kò wojú mi. Kí ló wà nínú ẹ̀?

Mo mọ̀ pé àárò Màmá mi ń sọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á. Tẹ́ ẹ bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ má dìde. Ẹ má kí i káàbọ̀. Ẹ ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí, kí ojú tì í, kó padà sọ́dọ̀ mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó nífẹ̀ẹ́ yín, tí ò tíì fẹ́ kẹ́ ẹ rí ìyàwó yín.